Kí Kámẹ́rà Lè Rí Ohun Tí Ojú Rí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Tí Ń Ya Fídíò ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ àwòrán, mo kí yín. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni ìdí tí fídíò tí a fi lẹ́ǹsì olówó gọbọi yà kì í fi í jọ ohun tí a fi ojú ara wa rí. Èrò mi ni pé ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ lẹ́ǹsì. Kámẹ́rà la fi ìpinnu sílẹ̀ fún, ó sì ń yí ìpinnu rẹ̀ padà bí a ti ń yàwòrán lọ́wọ́, débi pé ẹni tó ń wò ó á fura láìmọ ohun tó ń fura sí.

Ṣọ́tà, ìyẹn bí àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá ń ya fíríìmù 25, ìyẹn àwòrán 25 tó tẹ̀lé ara wọn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Ní ìwọ̀n yìí, ọwọ́ onídùndún yóò máa fi òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ bó ti ń lọ tó ń bọ̀, bí ojú wa ti máa ń rí i gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e dé 1/1000 nítorí oòrùn, ṣe ni kọ̀ǹgọ́ yóò máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí ẹni pé wọ́n gé àwòrán náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìdí mìíràn wà tó kan àwa ará Nàìjíríà. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 hertz, nítorí náà iná inú ilé ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣe bàìbàì, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣọ́tà 1/50 sì ń gba méjì rẹ̀ pé pérépéré sínú fíríìmù kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti jẹ́ 60, sábà máa ń wà ní fíríìmù 30 àti ṣọ́tà 1/60. Bí ẹ kò bá yí i padà, ẹ lè rí ìlà dúdú tí yóò máa rìn lórí àwòrán ìkómọ tí ẹ yà lábẹ́ iná fluorescent.

Kí la wá fẹ́ ṣe sí oòrùn ọ̀sán gangan ní Ọjà Ọba? Gíláàsì dúdú tí à ń pè ní ND ni kí ẹ so sẹ́nu lẹ́ǹsì. Ní ISO 100 (bí kámẹ́rà ti ń tètè dáhùn sí ìmọ́lẹ̀ tó) àti f/4 (bí ihò lẹ́ǹsì ti ṣí tó), ND32, tí í jẹ́ kí ìdá kan nínú 32 ìmọ́lẹ̀ wọlé, yóò jẹ́ kí ṣọ́tà dúró sí 1/50.

Ẹ tún dín sharpness inú kámẹ́rà, ìyẹn ètò tó ń mú kí etí nǹkan mú hànhàn, kù. Ìlú aró ni ìlú yìí, ìlà tín-ín-rín ara àdìrẹ a sì máa gbọ̀n rìrì lójú fídíò tí kámẹ́rà ti pọ́n mímú rẹ̀ jù.

Àwọ̀ ló ká mi lára jù. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ewé orí igi ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwọ̀ ewéko, white balance (ètò tí kámẹ́rà fi ń mú kí funfun jẹ́ funfun) tó ń dá ṣiṣẹ́ a sì máa dààmú: ara ènìyàn á pupa níhìn-ín, á sì rí bí ewé lọ́hùn-ún. Bí àwọn olùsìn aláṣọ funfun bá kún ojú lẹ́ǹsì, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú wọn á sì dúdú kọjá bó ti rí. Ó máa ń dùn mí láti rí ìyá àgbà tó múra dáadáa, kí ojú rẹ̀ má hàn nínú àwòrán tirẹ̀. Awọ ojú ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ ti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà pa, kí kámẹ́rà má lè yí i padà. Fún àwọ̀, ẹ gbé bébà funfun sábẹ́ ibòji kan náà tí ẹni tí ẹ fẹ́ yà dúró sí, ẹ fi ṣètò white balance, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí ẹ bá kúrò lábẹ́ igi bọ́ sí etí odò.