Ẹ̀jẹ̀ ni àbí ẹ̀kọ́ ilé? Ọ̀rọ̀ lórí ọmọ méjì tí Roxy pààrọ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìwé tí a fẹ́ tú wò lónìí ni Pudd'nhead Wilson, tí Mark Twain ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1894. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1830, ní ìlú kékeré kan létí odò Mississippi, ní Missouri, nígbà tí wọ́n ṣì ń ra ẹrú tí wọ́n sì ń tà á níbẹ̀.

Ẹrú ni Roxy, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i lójú títì yóò pè é ní òyìnbó. Ìdá kan péré nínú 16 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Ti ọmọ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 32 lọ. Síbẹ̀, ọmọ ẹrúbìnrin, ẹrú ni lójú òfin. Virginia ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1662. Ọjọ́ kan náà ni Roxy àti ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ bímọ ọkùnrin. Ìyàwó ọ̀gá kú kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ni Roxy bá ń tọ́ ọmọ méjèèjì. Aṣọ nìkan ni ọ̀gá fi ń dá wọn mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá halẹ̀ pé òun yóò ta àwọn ẹrú òun sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ìyà ẹrú ti le jù. Ẹ̀rù ba Roxy, ó pinnu láti gbé ọmọ rẹ̀ kó sódò, kí àwọn méjèèjì kú. Ó wọ aṣọ ọmọ ọ̀gá fún un kó má bàa lọ sọ́run nínú àkísà. Ìgbà yẹn ló rí i pé kò sí ìyàtọ̀. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn ọmọ ọ̀gá, ó fi í sọ́rùn ọmọ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ di Tom. Ọmọ ọ̀gá di Chambers.

Ibi tó ń gún mi lọ́kàn jù rèé: ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnu ara rẹ̀ láti máa pe ọmọ inú rẹ̀ ní ọ̀gá, ẹnu náà sì tètè gbà. Ká ní Yorùbá ló ń sọ ni, "o" ì bá ti di "ẹ" láàárín alẹ́ ọjọ́ kan.

Tom dàgbà, ó di olè àti ọ̀tatẹ́tẹ́, ó ta ìyá tó bí i, ó pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó gbà á tọ́... rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa: ẹni tí gbogbo ayé gbà pé ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kà á tán, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni. Roxy gan-an sọ bẹ́ẹ̀: ìdá kan yẹn, ó ní òun ni ọkàn Tom. Èmi ò gbà. Àbíìkọ́ wà, àkọ́ọ̀gbà wà, ṣùgbọ́n Tom kì í ṣe àkọ́ọ̀gbà. Gbogbo ohun tí ilé yẹn kọ́ ọ ló gbà. Ohun tó bá sunkún sí, wọ́n á fún un. Ó ń lu Chambers, ẹnì kan ò bá a wí. Nígbà tí Chambers bá lu Tom padà, pàṣán ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni baba tó bí i, tí kò mọ̀ pé òun ló bí i, nà án títí ó fi gba kámú.

Nígbà tí Roxy sọ òótọ́ fún Tom, tó ti pé ọmọ ọdún 23, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ tó máa ń nà láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rọ jọwọrọ. Ó ń yà fún àwọn ọmọ ìta aláwọ̀ funfun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò yí padà. Ọ̀rọ̀ lásán ló wọ̀ ọ́ létí.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan. Ní 1892 wọ́n mú Homer Plessy ní Louisiana nítorí pé ó jókòó síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìdá méje nínú mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi.

Nínú ìwé, lọ́yà Wilson ló tú àṣírí, pẹ̀lú ìtẹ̀ka àwọn ọmọ náà tó ti gbà sórí gíláàsì láti kékeré. Wọ́n ta Tom sí ìsàlẹ̀ odò. Chambers gba ogún rẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn ẹ̀jẹ̀ kì í dúró lórí Chambers, bẹ́ẹ̀ òun sì ni ẹ̀rí tó tóbi jù. Kò mọ̀wé kà. Ìrìn rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ti ẹrú ni gbogbo wọn. Ẹ̀rù pálọ̀ àwọn òyìnbó ń bà á, inú ilé ìdáná nìkan ni ara ti ń rọ̀ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyà ni ìjókòó ìdílé rẹ̀ jẹ́ fún un, kò sì lè padà sókè sọ́dọ̀ àwọn ẹrú tó ń bá jókòó tẹ́lẹ̀.