Bí a ṣe ń fi fọ́ọ̀mù ímeèlì sójú wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Adó-Èkìtì ni mo wà, iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni mo ń ṣe, pàápàá fún àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa. Lónìí, a fẹ́ fi fọ́ọ̀mù sójú wẹ́ẹ̀bùsáìtì, kí oníbàárà lè kọ ímeèlì rẹ̀ sí i, kí a sì lè máa kọ̀wé sí i.

Èyí tí ẹ ń wò lójú kọ̀ǹpútà mi yìí, fún àpẹẹrẹ ni mo ṣe é: ẹnì kan tó ń ta ìkòkò Ìsàn-Èkìtì. Ẹ mọ̀ pé ìkòkò kì í jáde lójoojúmọ́. Àwọn ìyá amọ̀kòkò á mọ ọ́n, á gbẹ, kí wọ́n tó sun ún. Ẹni tó ń wá àmù omi láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù dé ojú wẹ́ẹ̀bùsáìtì yìí lónìí, kò bá a, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá sọ fún un pé òmíràn ti jáde? Tí a bá gbé e sí Facebook, Facebook ló ń pinnu ẹni tí yóò rí i. Àmọ́ ímeèlì tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún wa, ọwọ́ wa ló wà. A lè kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí a gbé e lọ ibòmíràn nígbà tó bá wù wá.

Ó yá. Fọ́ọ̀mù nìkan ò tó, a nílò ibi tí àwọn ímeèlì yẹn yóò máa wọlé sí. Mailchimp wà, Brevo wà, MailerLite wà. MailerLite ni màá lò, torí ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ní èyí tí a kì í sanwó fún. Ẹ ṣí àkáǹtì. Wọ́n á bi yín ní irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ dáhùn dáadáa, torí wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n á tún béèrè àdírẹ́sì yín, yóò sì máa hàn nísàlẹ̀ lẹ́tà yín. Ẹ má fi àdírẹ́sì ilé tí ẹ ò fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ síbẹ̀ o.

Ímeèlì tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo Gmail fún un. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti mú òfin wọn le: ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ló ni orúkọ tó ń lò. Ẹ lo èyí tí orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín wà lẹ́yìn @. MailerLite á fún yín ní àwọn ìlà ọ̀rọ̀ fún SPF àti DKIM, ìyẹn ẹ̀rí tó ń fi hàn pé lẹ́tà náà ti ọ̀dọ̀ yín wá lóòótọ́. Ẹ gbé wọn lọ síbi tí ẹ ti ra domain yín, ìyẹn orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín, lábẹ́ DNS, níbi tí wọ́n ń kọ ètò orúkọ náà sí. Bí kò bá yé yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún yín, ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní báyìí, ẹ tẹ Forms, lẹ́yìn náà Embedded forms, kí ẹ wá dá tuntun. Ẹ wo àpótí tó jáde yìí. Àwọn kan á fẹ́ béèrè orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìlú, ọjọ́ ìbí. Kí la fẹ́ fi ṣe? Ímeèlì nìkan ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó ń fi fóònù tẹ̀wé nínú mọ́tò kò ní ráyè kọ ohun márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tó wà lórí àpótí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. "Subscribe to our newsletter" tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí, ẹ pa á rẹ́. Èmi kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kọ ímeèlì yín síbí, a ó sọ fún yín lọ́jọ́ tí ìkòkò tuntun bá jáde. Kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ." Bọ́tìnnì náà, mo kọ "Ẹ sọ fún mi" sí i. Ẹni tó kà á ti mọ ohun tí yóò rí gbà. Tí ẹ bá sì ti ṣèlérí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ má fi mẹ́rin ránṣẹ́.

Ẹ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà díẹ̀. Ṣé ẹ rí "ọ́" yìí? Àmì orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí ọ̀rọ̀ tí a kọ, ló fà á. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ títí àmì yóò fi jókòó síbi tó yẹ. Bí Noto Sans bá wà níbẹ̀, ó ń gbé èdè wa dáadáa.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Double opt-in sí, kí ẹ tàn án. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba lẹ́tà kan, yóò tẹ̀ ẹ́ pé òun ni lóòótọ́. Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo dátà aráàlú, ti ọdún 2023, sọ pé àwa tí a gba dátà la gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ẹni náà gbà. Àpótí tí a ti bá èèyàn fi àmì sí ṣáájú kò jẹ́ ìfọwọ́sí.

Ẹ wá kọ́pì HTML code, ìyẹn àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tó ń gbé fọ́ọ̀mù náà jáde, láti inú MailerLite. Tó bá jẹ́ WordPress lẹ fi kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín, ẹ ṣí ojú ewé yín, ẹ tẹ àmì +, ẹ wá Custom HTML, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ẹ tẹ Save. Ẹni tó ń lo Blogger: Layout, Add a Gadget, HTML/JavaScript. Abẹ́ àmù tó ti tán gan-an ni mo fi tèmi sí, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń wá a yóò ti nílò rẹ̀.

Ẹ mú fóònù yín, ẹ fi ímeèlì mìíràn dán an wò. Bí lẹ́tà kò bá hàn, ẹ wo Spam. Ẹ tẹ ìjẹ́rìí, ẹ padà sí Subscribers nínú MailerLite, ẹ ó rí ímeèlì náà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà kékeré kan ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ tẹ Unsubscribe nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé ẹni tó bá fẹ́ lọ lè lọ láìsí wàhálà.