Ìwé Aláwòrán Tí Ọmọdé Fi Ń Mọ Iṣẹ́ Ọwọ́ Láyé Àtijọ́

Ẹ fojú inú wo aránbàtà inú àwòrán kan nínú ìwé ọmọdé àtijọ́ kan dáadáa. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké wà lára àwòrán náà. Òun fúnra rẹ̀ ni nọ́ńbà kìíní. Òòlu tó fi ń dá ihò sí awọ ni ìkejì, okùn tí wọ́n fi ọ̀dà pa ni ìkẹta, igi onírìísí ẹsẹ̀ tó ń ran bàtà lé lórí ni ìkẹrin. Awọ fúnra rẹ̀ ni ìkarùn-ún. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀: àwọn nọ́ńbà yìí náà ló wà lára ọ̀rọ̀, ní èdè Látìn àti ti Jámánì. Ọmọ á ka ọ̀rọ̀, á wá a nínú àwòrán, ó parí.

Jan Amos Comenius, àlùfáà àti olùkọ́ ará Moravia (tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí), ló ṣe ìwé náà, Orbis Sensualium Pictus. Nuremberg ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1658. Nígbà tó fi máa di 1659, ó ti dé èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹyẹ àti ìràwọ̀ náà wà nínú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojú ewé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló dùn mọ́ mi jù.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú. Ní Frankfurt lọ́dún 1568, Jost Amman ya àwòrán iṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, Hans Sachs sì kọ ewì sí i. Ti ọmọdé kọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1804, Benjamin Tabart, òǹtẹ̀wé kan ní London, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ. Èyí ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: nígbà mìíràn, ó máa ń sọ iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́sẹ̀.

Àwọ̀ ńkọ́? Dúdú nìkan ni ẹ̀rọ sábà máa ń tẹ̀ nígbà náà. Ìwé ọmọdé tó bá ní àwọ̀, ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń kùn ún, ọmọdé ló sì sábà máa ń ṣe é: wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á kun pupa, á sún un sí ẹni tó ń kun búlúù. Ọmọ ẹni tó rí owó ìwé rà ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tálákà, tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ń ṣe é.

Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wo etí àwòrán. Bí àwọ̀ bá kọjá ìlà díẹ̀, tí ojú búrọ́ọ̀ṣì sì hàn, ọwọ́ ló kùn ún.