Ohùn Gíga Kì í Ṣe Ariwo

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́áyà, ẹ sọ pé "ọkọ̀". Ó dáa. Ẹ wá sọ pé "ọkọ́". Ṣé ẹ gbọ́ bí ohùn ṣe gòkè? Ta ló pariwo níbẹ̀? Kò sẹ́ni. Ẹ mú ìyẹn dání, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í nìyí: bí orin bá ti ń gòkè, ẹ óò gbé àgbọ̀n sókè bí adìyẹ tó ń mumi, iṣan ọrùn á le gbagidi, ẹ óò wá figbe ta. Ẹ gbọ́ mi o: OHÙN GÍGA KÌ Í ṢE ARIWO!

Ẹ wo onígángan. Bó bá fẹ́ kí ìlù ẹ̀ fọhùn lókè, ṣé ṣe ló ń na awọ bí ẹni ń na olè? Rárá o. Ó fún ọsán mọ́ abẹ́ apá ni, awọ sì le. Kódà bó fi kọ̀ǹgọ́ kàn án fẹ́rẹ́, òkè náà ni yóò dún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ kékeré méjì tó wà nínú gògóńgò yín: bó bá nà, ohùn a ga. Ẹ mọ ohùn tí wọ́n ń pè ní A, tí àwọn onígìtá àti onífèrè fi ń bára wọn dọ́gba? Bí ẹ bá kọ ọ́, ìgbà 440 làwọn awọ yẹn ń pàdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí lẹ tún wá fẹ́ fipá ṣe?

Mo jìyà ẹ̀ rí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọjọ́ ìkórè ni, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ní n óò bá a figagbága. Nígbà tí orin fi máa dé ẹsẹ kẹta, bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ ni mo ń dún. Àwọn áltò rẹ́rìn-ín títí!

Omi ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń da píọ́ wọ́tà sọ́fun nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ yín, ikùn nìyẹn ń lọ, kò kan awọ ohùn rárá. Bó bá fi kàn án, ikọ́ lẹ máa wú! Àtàárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa mu ún díẹ̀díẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Orógbó? Ẹ jẹ ẹ́ bó bá wù yín. Ikùn lòun náà ń lọ.

Bí ohùn bá há, ẹ dákẹ́. Mo ní Ẹ DÁKẸ́! Ẹ má máa fipá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyẹn náà ń ni ọ̀fun lára. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ 3 tí kò là, ẹ lọ rí dókítà.

Ó yá, èjìká sílẹ̀, ẹ pa ẹnu dé. Ẹ kùn ún, "hùùn", látìsàlẹ̀ lọ sókè, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ. Ìwọ tí o wà níwájú yẹn, àgbọ̀n ẹ tún ti ń gòkè! Sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkọ̀... ọkọ́... Ẹ̀ẹ̀kan sí i.