Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Ọ̀rá Omi Sàráà

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm. Ẹ̀yin ará wa ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, as-salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.

Báàgì píọ́wọ́tà kan, ogún ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi báàgì mẹ́wàá ṣe sàráà ní mọ́ṣáláṣí lónìí, 200 ọ̀rá ló wọlé yẹn. A ó mu omi, a ó ṣàdúà fún un, a ó wọ bàtà lọ. Ẹ wá bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀: ọ̀rá káàkiri, àti ìgun tín-ín-tín tí a fi eyín gé tu dànù, tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, tí ìgbálẹ̀ pàápàá kì í rí kó. Ó ku kí òjò dé. Gọ́tà á gbé e, ó di inú Odò Alà. Ẹni tí omi máa ya wọ ilé rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lè má tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe sàráà lọ́jọ́ náà.

Nínú hádíìsì tí Nu‘mān ọmọ Bashīr gbà wá, tó wà nínú Bukhārī, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe àkàwé àwọn èèyàn tó ṣẹ́ kèké lórí àyè inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan bọ́ sókè, àwọn kan bọ́ sísàlẹ̀. Àwọn tìsàlẹ̀ ní láti gba ọ̀dọ̀ àwọn tòkè kọjá kí wọ́n tó rí omi pọn, ni wọ́n bá ní bí àwọn bá kúkú lu ihò sí apá tàwọn, àwọn ò ní máa yọ ará òkè lẹ́nu mọ́. Ànábì ní bí àwọn tòkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa ṣègbé. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ló máa là. Ẹ kíyè sí i o, àwọn ará ìsàlẹ̀ yìí kò ní ẹnikẹ́ni sínú. Wọn ò fẹ́ dààmú ẹlòmíì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jà Ọba, tó wá da á sí gọ́tà: iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ṣáà ti mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ti àgùntàn. Ibn ‘Abbās gbà á wá, ó sì wà nínú Bukhārī àti Muslim: wọ́n fi àgùntàn kan ṣe sàráà fún ẹrúbìnrin tí Maymūnah, ìyàwó Ànábì, ti dá sílẹ̀, ẹran náà sì kú. Ànábì kọjá níbẹ̀, ó ní kí ló dé tí wọn ò lo awọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú fúnra rẹ̀ ni. Ó ní jíjẹ rẹ̀ nìkan ni a ṣe ní èèwọ̀. Ṣùgbọ́n awọ tí a ò bá ṣiṣẹ́ sí, rírùn ló máa rùn. Ọ̀rá náà nìyẹn: àwọn kan ń rà á, wọ́n ń yọ́ ọ ṣe ọ̀rá tuntun, bí a ṣe tọ́jú rẹ̀ ló sì ń sọ bóyá ó ṣì wúlò.

Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ má gé ìgun rẹ̀ já pátápátá, ẹ jẹ́ kó fi díẹ̀ so mọ́ ara ọ̀rá. Bí omi bá tán, ẹ ya ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ sá a sórí okùn tàbí sórí sìmẹ́ǹtì tó mọ́. Ìgbà tó bá gbẹ ṣáṣá ni kí ẹ tó kì í sápò. Ẹni tó bá ti ta kòkó rí mọ̀ ọ́n: oníkòkó á ti ọwọ́ bọ àpò, bí kò bá gbọ́ kó máa dún wàràwàrà, á yọ owó rẹ̀. Oní-ọ̀rá náà ń yọ ọ́, kì í sì í ṣe àbòsí. Tí ọ̀rá tútù bá wọ ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ, omi inú rẹ̀ á hó, á di ooru, ọ̀rá tuntun tó bá jáde á kún fún ihò wẹ́wẹ́. Iyanrìn ní tirẹ̀ ń dí asẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgò rọ́bà tí a fi ń mu omi àti míńráà ní àpò tirẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Irú rọ́bà kan ni ìgò, òmíràn ni ìdérí: ẹ gé méjèèjì wẹ́wẹ́ sínú omi, ègé ìgò á rì, ègé ìdérí á léfòó. Ooru tó ń yọ́ wọn kò dọ́gba, èyí ni wọn kì í fi í yọ́ wọn pọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìgò pẹlẹbẹ kí afẹ́fẹ́ jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfìfo lẹ ń rù. Èyí tó funfun wà lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, torí funfun ló lówó lórí jù. Ẹ má sì retí owó ńlá. Ìgò 50cl tó máa wọn kìlógíráàmù kan lè lé ní àádọ́ta.

Ẹ wá wo ọwọ́ tí ìgò kan ń gbà kọjá. Ọmọ tó wá láti òkè Ọya ló fi ọmọlanke gbé e. Ìyá tó ń ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Dẹ́rẹ́bà tó gbé e lọ sí ìhà Èkó lè jẹ́ Íbò. Níbẹ̀ wọ́n lè gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fà á bí òwú, irú èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, kó sì padà wá sábẹ́ orí wa. Súúrà Al-Hujurāt ẹsẹ̀ 13, gbogbo ọmọ ènìyàn ni Ọlọ́hun ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀: Ó ṣe wá ní orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà kí a lè mọ ara wa.

Ìgò oògùn kòkó kò gbọdọ̀ wọ àpò yìí láéláé. Inú oko ni kí ẹ ti fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn, kí ẹ sì dá a lu, kí ẹnikẹ́ni má baà bu sóbò tàbí òróró sí i tà. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ojú ìwé Al-Kùránì tó ti ya bọ́ sínú àpò bébà. Ẹ sin ín síbi tó mọ́, tàbí kí ẹ sun ún bí ‘Uthmān, kálífà kẹta, ṣe ní kí wọ́n sun àwọn àkọsílẹ̀ Al-Kùránì yòókù láyé rẹ̀. Ọ̀rá àti rọ́bà ni ẹ má sun o, èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá aládùúgbò.

Ní ti òṣùwọ̀n, Súúrà Al-Mutaffifīn, tó ń bá àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù wí, mú ẹni tó ń rà tó tẹ ìwọ̀n, ó sì mú ẹni tó bu omi sí ìsàlẹ̀ àpò kó lè wúwo.

Àpò méjì ti tó fún mọ́ṣáláṣí kan, ọ̀kan fún ọ̀rá, ọ̀kan fún ìgò, ẹ so wọ́n mọ́ ibi àlùwàlá. Bí ọmọ tó ń ṣa ọ̀rá bá wá kó o, ẹ má pè é ní olè. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó máa ń gbá mọ́ṣáláṣí Ànábì. Nígbà tó kú, àwọn sàhábà sin ín láìsọ fún Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ànábì béèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti kú. Ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀.