Kí Wáyà Pupa Má Baà Di Búráùn: Àwọ̀ Àwòrán Nínú Ìwé Ìlò Ẹ̀rọ Tó Ń Lọ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwa Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ábùjá sọ ní Utako nìyí.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Iléeṣẹ́ kan tó ń ta inverter gbé ìwé ìlò ẹ̀rọ wọn fún mi pé kí n sọ ọ́ di ojú ewé ìrànlọ́wọ́ tí èèyàn lè ṣí lórí fóònù. Mo ṣe é, mo gbowó mi. Kò pẹ́ tí oníná kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kubwa, fi pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni wáyà bátìrì, èwo ni ti NEPA? Méjèèjì jọra lójú mi."

Mo ṣí ojú ewé náà. Òótọ́ ló sọ. Wáyà pupa tó yẹ kó lọ sí bátìrì àti wáyà búráùn tí iná NEPA ń gbà wọlé ti di ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ṣi èyí so lè dáná sun ẹ̀rọ, ó lè dáná sun ilé. Àyà mi já.

Àṣìṣe mi ni pé n kò lo fáìlì àkọ́kọ́. Ayàwòrán ya tiẹ̀ dáadáa. Ẹni tó kọ ìwé náà fi í pamọ́ ní JPEG, irú fáìlì àwòrán tó máa ń ju díẹ̀ nù kí fáìlì lè kéré, ó gbé e sínú Word, Word fún un pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di PDF. Èmi náà yọ ọ́ jáde, mo tún fi JPEG pa á mọ́.

Àwa tá a ti gbé Òkè Ọya pẹ́ mọ kòtò aró Kofar Mata ní Kano. Aṣọ tó wọ kòtò lẹ́ẹ̀mẹ́ta máa ń dúdú ju èyí tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. JPEG ò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tún un pa mọ́ tó ló ṣe ń ṣá tó.

Ohun tó ń fà á nìyí. Ojú èèyàn máa ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ju àwọ̀ lọ. JPEG mọ èyí. Ó máa ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń kó píksẹ́lì 4 jọ, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí wọ́n jọ pín àwọ̀ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ fọ́tò Àpáta Zuma ni, ta ló máa fura? Ṣùgbọ́n ìlà wáyà tí kò fẹ̀ ju píksẹ́lì 1 tàbí 2 lọ lórí ojú funfun, àwọ̀ rẹ̀ á dà mọ́ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pupa ò ní í pọ́n mọ́.

PNG, irú fáìlì àwòrán mìíràn tó ti wà láti 1996, kì í ju nǹkan kan nù, ó sì lè gba àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16. Òun ni kẹ́ ẹ lò fún àwòrán ìlà àti screenshot. Kẹ́ ẹ fi JPEG sílẹ̀ fún fọ́tò. Àwọ̀ 256 péré ni GIF ní. Mi ò rí ohun tá a tún ń fi í ṣe nínú iṣẹ́ yìí.

Bí ìwé náà bá wà nínú Word, ẹ lọ sí File, Options, Advanced, kẹ́ ẹ mú "Do not compress images in file" kí ẹnikẹ́ni tó fi àwòrán sí i. Tó bá ti pẹ́ jù, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì .docx náà, ẹ sọ ìparí orúkọ rẹ̀ di .zip, ẹ tú u. Inú fódà word/media lẹ ti máa bá àwọn àwòrán. Ó sàn ju kẹ́ ẹ máa gé wọn lójú PDF lọ.

Àwòrán tí wọ́n ṣe fún ilé ìtẹ̀wé sábà máa ń wà ní CMYK, ìwọ̀n yíǹkì mẹ́rin nìyẹn. Fóònù ò ní yíǹkì, ìmọ́lẹ̀ ló ní. Ẹ fọwọ́ ara yín sọ ọ́ di sRGB, ètò àwọ̀ tí ojú fóònù ń lò, kẹ́ ẹ sì fojú yín wò ó.

Mo padà lọ bá ayàwòrán. Fáìlì rẹ̀ ṣì wà. Mo mú ìlà wáyà nípọn sí i, mo gbé e jáde ní PNG tààrà, mo sì kọ "bátìrì" àti "NEPA" sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, torí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí búráùn. Oníná yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Ó ṣí i lórí fóònù rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ó ní: "Pupa ni ti bátìrì, búráùn ni ti NEPA. Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n."