Ẹran, Ìjẹ, Olùfaragbá: Ta Ló Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Gbólóhùn?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ẹni tí wọ́n ṣe níbi ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, àti ẹni tí a fi ṣe olùṣe nínú gbólóhùn. Ẹ jẹ́ ká ti orí "ẹran" bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la fi ń pe èyí tó ń sáré nínú igbó, òun náà la fi ń pe èyí tó ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹtu tó ṣì ń jẹko, ẹran ni. Bí ọdẹ bá yìnbọn fún un tán, ẹran náà ni. Kí ìbọn tó dún ni orúkọ tí a fún un ti sọ ibi tó ń lọ. Àmọ́ bí àwọn ọdẹ bá ń sun ìjálá, wọn kì í fi í mọ sí "ẹran" lásán. Wọn á ki erin, wọn á ki ẹfọ̀n, bíi pé ọba ni wọ́n ń kí. Kéèyàn fẹ́ pa nǹkan, kó tún máa kì í! Mi ò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọmọ èèyàn ṣe ìjẹ.

"Ìjẹ" náà ní ojú méjì. Ohun tí ẹyẹ àti ẹranko ń wá kiri láti jẹ ni. Òun náà la tún ń fi sẹ́nu ìwọ̀ fún ẹja. Ẹja tó ń wá ìjẹ kiri lè di ìjẹ. Ẹ sì wo ohùn: "ọdẹ" ni ẹni tó ń pa ẹran. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó di "ọ̀dẹ̀", ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. (Jíjẹ ṣì wà nínú ìrẹ́jẹ yẹn náà, ẹ má gbàgbé.)

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ebi pa mí. Oòrùn pa wá. Ìyà jẹ ẹ́. Àìsàn mú un. Ogun kó wọn lọ. Ìpọ́njú ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí: ó ń pa, ó ń jẹ, ó ń mú. Ìpọ́njú ni ọdẹ, àwa ni ẹran. Kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ "ebi ń pa mí" tó máa bi ọ́ pé kí lo ṣe tí ebi fi rí ọ pa.

Bó bá wá kan jìbìtì, ẹnu wa á yí padà. "Ó kó sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì." "Ó lọ kó sí pàkúté wọn." Ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni! Òun ló rìn, òun ló kó sí i. Ẹni tó dẹ pàkúté ti fara pa mọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn "gbájúẹ̀" ju ìyẹn lọ: gbá ojú ẹ̀. Ọwọ́ tó gbáni létí hàn gbangba. Àwọn ọmọ yahoo ní tiwọn ń pe ẹni tí wọ́n ń lù ní "màgà", nígbà míì "kílááǹtì", bíi pé onítọ̀hún ló wá rajà. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ti fún oníjìbìtì ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tí wọ́n lù kò rí orúkọ kankan gbà lẹ́nu aráàlú ju "ọ̀dẹ̀" lọ.

"Olùfaragbá" ni àwọn oníròyìn wa ń lò. Ó bá ìjàm̀bá mọ́tò mu, ó bá ilé tó wó mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fipá bá obìnrin lò, tí a wá ní ó "fara gbá", ó dà bíi pé ìjì ló jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ọkùnrin kan fipá bá a lò. Ẹ jẹ́ kí olùṣe jókòó síwájú gbólóhùn.

Ìyá kan dìde bi mí pé, "Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ńkọ́, kí la ó máa pè é?" Mo ní, "Mà, Yorùbá ní ó mórí bọ́." Orí tó yọ kúrò nínú okùn nìyẹn, èdè ọdẹ la ṣì ń sọ, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹran gan-an ló ń ṣiṣẹ́.